Ìgò Abẹ́ Pèrègún

"Bàbá, ẹ má bínú. Ihò kékeré ni."

Tiwaladé, ọmọ ọmọ mi, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì wà nínú ihò kékeré náà títí dé orúnkún.

"Mélòó lẹ ti gbẹ́ láti àárọ̀?" mo bi í.

Leah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dáhùn. "Mẹ́tàdínlógún ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ti dí mẹ́rin."

Mo fa ẹsẹ̀ mi yọ. Mo wo oko kòkó mi. Ó dà bí ibi tí àwọn òkété ti ṣe ìpàdé.

Ẹ̀rọ kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Leah gbé e wálé nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ọ̀pá gígùn ni, ohun pẹrẹsẹ kan bí àwo sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwo náà kọjá lórí ilẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀, á máa ké pí, pí, pí. Àwọn ará abà wa sọ ọ́ ní Ajá Leah, nítorí pé ó ń gbóòórùn irin bí ajá ọdẹ ṣe ń gbóòórùn ẹran.

Owó àtijọ́ ni wọ́n ń wá: ṣílè, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ oníhò tí a ná nígbà tí òyìnbó ń jọba. Ẹnìkan ti fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù Leah. Ọkùnrin kan wọ kóòtù nínú rẹ̀. Ó ní kọ́bọ̀ oníhò kan ṣoṣo lè ra ilé ní Àkúrẹ́.

Wọ́n fi hàn mí. Mo wò ó.

"Bí ó bá lè ra ilé," mo ní, "kí ló dé tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya?"

Leah gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Bàbá, ògiri ọ́fíìsì nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ti ń wá owó yìí. Wọ́n ti rí agolo sàdíìnì mọ́kànlá, ìdérí ìgò tí n kò mọ iye rẹ̀, agogo kẹ̀kẹ́ kan, àti orí ọkọ́ kan tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo gba ọkọ́ mi. Àǹfààní tí mo rí nínú iṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ọdún líle ni. Ìrẹsì ti di oúnjẹ Kérésìmesì. Ọláyíwọlá, ọmọ mi, tó jẹ́ bàbá Tiwaladé, ń wa takisí láti Ọjà Ọba sí Alágbàká ní Àkúrẹ́. Owó tó ń pa ní àárọ̀, epo ló ń gbà á lálẹ́. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí mi ní abà wa lẹ́bàá Oǹdó fún ìsinmi, kí ẹnu tó ń jẹun nílé rẹ̀ lè dín kan. Kí ọmọ náà tó wọkọ̀, ó sọ fún un pé bóyá ni òun á rí owó ìdánwò àṣejáde rẹ̀ san. Ó ní kí ó máa ro iṣẹ́ aṣọ rírán.

Ọmọ náà gbọ́. Kò sọkún. Ó dé abà, ó bá Leah gbé ajá.

Èmi mọ ibi tí owó ìdánwò náà yóò ti wá. Kòkó di owó gidi lọ́dún yẹn, irú èyí tí n kò rí rí. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan ní òdìkejì odò tó la oko mi kọjá. Ìlà kòkó méjìlá ló wà níbẹ̀. Ní ìparí ilẹ̀ náà ni pèrègún mẹ́ta wà, ní ojú kan náà. Pèrègún yẹn ni ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀, oko Májẹ́kódùnmí, bàbá Leah, ló kàn. Mo ti ya kòkó ìlà méjìlá náà sọ́tọ̀ nínú ọkàn mi fún Tiwaladé. N kò sọ fún un. N kì í sọ ohun tí n kò tíì kó wálé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.

Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Mo nawọ́ sí òdìkejì odò.

"Ẹ wá gbogbo ibi tó bá wù yín. Ẹ má dé ìdí pèrègún yẹn."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?" Tiwaladé bi mí.

"Mo ní ẹ má dé ibẹ̀."

"Ṣé òkú ni wọ́n sin síbẹ̀ ni?"

"Ṣé o fẹ́ bá mi jiyàn ni?"

Leah fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí bàbá mi ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo rò pé ó tó.

Ohun tí n kò sọ fún wọn nìyí. Ní ọdún 1949, bàbá mi àti bàbá bàbá Májẹ́kódùnmí jà nítorí ààlà oko yẹn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi àdá ṣá ara wọn. Àwọn àgbà dá sí i, wọ́n fi ààlà sí ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe jìbìtì lè fa pèrègún tu kí ó sì gbìn ín síwájú. Nítorí náà wọ́n mú ìgò jíìnì òfìfo kan. Bàbá mi ju ṣílè kan, tọ́rọ́ kan àti kọ́bọ̀ oníhò kan sínú rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ju tirẹ̀ náà sí i. Wọ́n kó èédú lé e lórí, wọ́n fi ìda dí ẹnu rẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n gbin pèrègún lé e. Ọmọ ọdún méje ni mí. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n bu sí i.

Èédú kì í jẹrà. Owó sì ní ọdún lára. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, kí ìgò jẹ́rìí. Wọ́n ní akọ́bí ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ó máa mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí ẹni púpọ̀ bá mọ̀, ẹnìkan á hú u. Bàbá Májẹ́kódùnmí kú lójijì nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Kò ráyè sọ fún un. Lára àwọn tó kù láyé, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n, àti Ọlọ́jà, olórí abà wa, tí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, ẹnu àwọn ọmọ méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Oǹdó. Àwọn méjèèjì sọdá odò.

"Bàbá ní ká má dé ibẹ̀ o," Tiwaladé sọ.

"Àwa kọ́ la máa dé ibẹ̀. Ajá ni," Leah dáhùn. "Dúró síbí, kí o na ọ̀pá rẹ̀."

Tiwaladé na ọ̀pá. Ẹ̀rọ náà ké. Kò ké pí, pí, bí ó ṣe máa ń ké sí agolo. Ó ké píííí, kò dánu dúró.

"O rí i?" Leah ní. "Ibi tí àgbà bá ní kí o má dé, nǹkan wà níbẹ̀. Bàbá mi ní ká má fọwọ́ kan àpótí kan ní yàrá. Mo ṣí i. Mílíìkì ló wà níbẹ̀."

"Bó bá jẹ́ òkú ńkọ́?"

"Òkú kì í ní irin."

"Òkú olówó ń ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa ẹ̀rù wọn. Tiwaladé ronú nípa ìdánwò. Ó ronú nípa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó mú ọkọ́.

Wọ́n rí ìgò náà. Wọ́n fọ́ ọ mọ́ òkúta. Wọ́n da èédú nù. Wọ́n fi iyanrìn fọ owó náà, ṣílè méjèèjì sì pọ́n yòò.

"Wúrà!" Leah pariwo. "Tiwa, wúrà ni! A ti bọ́!"

Wọ́n kó àfọ́kù ìgò sódò, wọ́n dí ihò náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ewé gbígbẹ bò ó. Nínú gbogbo ihò tí wọ́n gbẹ́ lóko mi, ìyẹn nìkan ni wọ́n dí dáadáa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin náà fi ìṣó ha ṣílè kan.

"Idẹ ni," ó ní.

"Wọ́n ní ó lè ra ilé," Leah sọ. "Ó wà lórí fóònù mi."

"Ẹ lọ tà á fún fóònù."

Wọn kò tà á fún fóònù. Wọ́n tà á fún un. Nígbà tí wọ́n yọ owó ọ̀kadà, èyí tó kù ra gàrí kóńgò kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Tiwaladé gbé gàrí tirẹ̀ wálé. Ó ní ìyá Leah ló fún òun. N kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bu omi sí i, mo mu ún. Ààlà oko mi ni mo mu, n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo bá Májẹ́kódùnmí láàrin kòkó mi, ní òdìkejì odò. Ó ń fi àdá sàmì sára igi.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ó ní.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ilẹ̀ wa ni mo wá wò. Odò ni ààlà, Bàbá. Bàbá yín ló kàn wá gbin pèrègún sínú ilẹ̀ wa."

"Nígbà tí kòkó ò lówó lórí, o wà ní Èkó. N kò gbọ́ nígbà náà pé odò ni ààlà."

"Ilé iṣẹ́ wa ti kógbá sílé. Mo ti dé báyìí. Ẹ máa gbọ́ ọ."

N kò bá a jà. Mo lọ bá Ọlọ́jà. Ó dá ọjọ́, ó mú àgbà mẹ́rin dání wá. Gbogbo abà tẹ̀lé wọn, bí ẹni pé wọ́n ń pín ẹran. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní ẹlẹ́rìí kì í pariwo. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìgò náà ní ṣókí, mo sì jókòó.

Ọlọ́jà mi orí. "Bàbá mi sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Owó mẹ́fà, èédú, ìgò jíìnì kan. Májẹ́kódùnmí, kí lo wí?"

"Ẹ gbẹ́ ẹ," ó dáhùn. "Bí ìgò bá wà níbẹ̀, n kò ní jiyàn mọ́."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ náà rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n rí èérún èédú díẹ̀. Wọn kò rí ìgò.

"Èédú rèé," àgbà kan sọ.

"Ta ni kì í jó oko?" Májẹ́kódùnmí dá a lóhùn. "Ibi gbogbo ni èédú wà. Ìgò dà? Ẹ wo ilẹ̀ yìí, tuntun ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí ìgò kankan bá wà, etí odò ló wà, bàbá yìí sì mọ̀ pé yóò tú àṣírí òun. Ó ti lọ hú u níbẹ̀, ó wá gbẹ́ ibí láti fi tàn wá jẹ!"

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ẹnikẹ́ni kò pè mí lólè rí.

Ọmọ méjì péré ló mọ òtítọ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ayé. Mo rí Tiwaladé láàrin èrò. Ó wo ihò náà, ó wo mí. Lẹ́yìn náà ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi kọ́. Èmi ni mo hú u."

Àwọn èrò rọ́ súnmọ́ ihò náà.

"Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní irọ́," Májẹ́kódùnmí sọ. "Ta lo fẹ́ kó gbà ọ́ gbọ́?"

Leah wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó já ọwọ́ gbà.

"Dádì, òótọ́ ló ń sọ. Àwa méjèèjì ni. Èmi ni mo ní ká gbẹ́ ẹ."

"Leah! Padà sẹ́yìn!"

"Mo ti jáde, Dádì." Ó kúnlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́jà bi wọ́n bí owó náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní mẹ́fà. Ó bi wọ́n irú èyí tó jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ó bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe. Tiwaladé sọ̀rọ̀ gàrí. Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ nígbà tó rí ojú mi.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù náà ní Oǹdó. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọlọ́jà gbà wọ́n gbọ́. Gbogbo abà gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n Májẹ́kódùnmí dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo ní bí ìgò bá wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Bí ẹnu ọmọ méjì bá tó, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kóòtù."

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kì í bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tí yóò gba ọdún mẹ́wàá. Ọlọ́jà ní kí a pín in. Mo gbà. Ìlà mẹ́fà fún un, ìlà mẹ́fà fún mi. Ìlà mẹ́fà tó sún mọ́ pèrègún ni tirẹ̀. Àwọn ló ń so jù.

Ẹnu Tiwaladé gba orúkọ mi là. Kò lè gba kòkó là.

Nígbà tí a délé, mo jókòó. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Mo ní kí ẹ má dé ibẹ̀," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o débẹ̀?"

"Owó ìdánwò ni mo ń wá."

"Kòkó tó wà níbẹ̀ ni owó ìdánwò rẹ."

Ó gbé ojú sókè.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

Inú ń bí mi. N kò sọ fún un lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà náà, èyí tí kò ṣe nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ aṣọ rírán fún un. N kò sọ pé kí ó dákẹ́. Ó yẹ kó sunkún.

Ìlà mẹ́fà kò tó. Nígbà tí a ra oògùn kòkó, tí a sì jẹun, èyí tó kù kò san owó ìdánwò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òun wà lọ́dọ̀ mi, ó ń fọ́ kòkó. Ọdún kan gbáko ló fi gbẹ̀yìn wọn. Nígbà tó yá, ó ṣe é, ó sì yege. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá ọdún náà padà fún un.

Kó tó di ìgbà yẹn, mo ṣe ohun kan. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé pínpín ilẹ̀, mo jí i ní àárọ̀. Mo ní kí ó wọ bàtà. Mo mú un rìn yí gbogbo oko mi ká, láti igun dé igun. Àṣà ní akọ́bí ọkùnrin nìkan. Akọ́bí ọkùnrin mi ń wa takisí ní Àkúrẹ́. Kò mọ ibi tí oko bẹ̀rẹ̀. Mo fi àpáta tí a fi àdá ha hàn án. Mo fi igi akòko hàn án, mo sọ ẹni tó gbìn ín àti ìdí rẹ̀. Ó ń bèèrè. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló ń sú mi. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹnu ń ro mí.

A dé igun tó kẹ́yìn, lápá ibi tí ilẹ̀ ti rì.

"Kí ni àmì ti ibí, Bàbá?"

Mo wò yí ká. Mo wo ilẹ̀, mo wo igi.

"N kò mọ̀," mo wí. "Mo bi bàbá mi nígbà kan. Ó ní kí n máa roko lọ."

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé Ọlọ́jà á mọ̀ ọ́n?"

"Bóyá."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n, Bàbá. Wọ́n ti dàgbà."

A lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Bí àgbà bá ní kí o má dé ibì kan, má dé ibẹ̀, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́, bí ọ̀rẹ́ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí o kò bá mọ ìdí rẹ̀, béèrè. Bí wọ́n bá lé ọ, padà lọ béèrè. Bí o bá ti ṣìṣe, jáde síwájú kí o sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹ̀bi rẹ. Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n sì ń bi, ẹ dáhùn. Ẹ dáhùn nígbà tí ẹnu yín ṣì lè sọ̀rọ̀.